Páálí Ìkọ́ni Nípa Pílánẹ́ẹ̀tì Tí Wọ́n Ń Tà ní Wuse: Káàdì Rẹ̀ Tọ̀nà, Àtẹ Rẹ̀ Kò Tọ̀nà

Páálí ìkọ́ni kan wà tí àwọn ilé ìtàwé kan ní àyíká ọjà Wuse ní Àbújá ń tà fún àwọn òbí àti olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé nípa oòrùn àti àwọn ohun tí ń yí i ká. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: àtẹ ńlá kan tí a lè fi kọ́ sára ògiri, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tí wọ́n dúró fún àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn káàdì tí wọ́n kọ ìbéèrè sí lẹ́yìn. Mo rà á ní ₦14,500 fún kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Kubwa, níbi tí a ti ń fi èdè wa kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. A ti lò ó dáadáa. Ọ̀ràn kan ni mo sì máa ń fi dán irú ohun èlò báyìí wò kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á: ṣé ó lè ṣàlàyé ìdí tí Pluto fi kúrò láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ó sì di pílánẹ́ẹ̀tì aràrá, láìṣi ọmọ lọ́nà?

Ìdáhùn mi ni pé àwọn káàdì inú páálí náà ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ju bí mo ti retí lọ, ṣùgbọ́n àtẹ ara ògiri ń tako ohun tí káàdì sọ. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ náà, wọ́n fi ìlà pupa yí Ceres, Pluto, Haumea, Makemake àti Eris ká, wọ́n sì kọ ọ́ sókè wọn ní lẹ́tà gàdàgbà pé wọ́n kéré jù láti jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Inú páálí ni káàdì máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àtẹ kì í kúrò lára ògiri, nítorí náà gbólóhùn yẹn ni ọmọ yóò máa rí ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbójú sókè. Gbólóhùn náà kò sì tọ̀nà.

Kò sí ibì kankan nínú òfin tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń ya pílánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ tí wọ́n ti dárúkọ iye kìlómítà tí nǹkan gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ pé títóbi ni wọ́n ń wò ni, Ganymede tí ń yí Jupiter ká, tí ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bí 5,268 kìlómítà, ìbá ti gba ipò lọ́wọ́ Mercury tí tirẹ̀ jẹ́ 4,879. Titan tí ń yí Saturn ká náà tóbi ju Mercury lọ. Síbẹ̀ òṣùpá ni àwọn méjèèjì, pílánẹ́ẹ̀tì sì ni Mercury. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ pé àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ìrísí nǹkan lójú ọ̀run kò tó láti fi sọ ipò rẹ̀. Ohun tí nǹkan náà ń yí ká, àti agbára tí ó ní lójú ọ̀nà tí ó ń tọ̀, ni ó yẹ kí a wádìí.

Ohun tí àwọn káàdì náà ń béèrè gan-an nìyẹn. Méjìdínlógún ni wọ́n. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ni ó gba mẹ́jọ nínú wọn, aràrá márùn-ún gba márùn-ún, ìyókù sì jẹ́ ti òṣùpá wa, Ganymede, Charon tí ó jẹ́ òṣùpá Pluto, Vesta tí ó jẹ́ àpáta ńlá kan láàárín Mars àti Jupiter, àti ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Halley. Àwòrán wà níwájú káàdì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta wà pẹ̀lú àpótí kékeré tí ọmọ yóò fi máákà sàmì sí, tí a sì lè nù kúrò lẹ́yìn náà. Ṣé oòrùn ni ó ń yí ká? Ṣé agbára òòfà ara rẹ̀ ti fún un mọ́ra títí ó fi di róbótó? Ṣé ó ti gbá àyíká ọ̀nà rẹ̀ mọ́? Ohun tí ó bá gba bẹ́ẹ̀ ni lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó bá gba bẹ́ẹ̀ ni lórí méjì àkọ́kọ́, tí ó kùnà ní ìkẹta, jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì aràrá. Òfin tí Àjọ Àgbáyé ti Àwọn Onímọ̀ Ìràwọ̀, ìyẹn IAU, dìbò fún ní ìlú Prague ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2006 nìyí, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún ọmọdé láì bà á jẹ́. Mo gbóríyìn fún ẹni tí ó kọ ọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í gba àkókò. Òṣùpá wa fẹ̀ tó nǹkan bí 3,475 kìlómítà, ó sì ju Pluto tí ó jẹ́ nǹkan bí 2,377 lọ, ṣùgbọ́n ayé ni ó ń yí ká, nítorí náà káàdì rẹ̀ parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń yà sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó á yé wọn.

Ìbéèrè kejì ni ó nílò sùúrù olùkọ́, ibẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù inú páálí náà ti kọ́kọ́ já mi kulẹ̀. Ohun tí ó bá wúwo tó yóò fi òòfà ara rẹ̀ fa gbogbo ara rẹ̀ wọnú, títí òkè gíga àti kòtò jíjìn kò fi ní lè yí ìrísí rẹ̀ padà mọ́. Halley kò wúwo tó bẹ́ẹ̀ rárá. Vesta, tí ọkọ̀ aṣèwádìí Dawn bẹ̀ wò láti ọdún 2011 sí 2012, fẹ̀ ju 500 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ìrísí rẹ̀ kò dọ́gba, nítorí náà wọn kò kà á mọ́ àwọn aràrá márùn-ún tí IAU fọwọ́ sí. Nígbà tí Dawn dé Ceres ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ohun róbótó tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 940 kìlómítà ni ó bá níbẹ̀. Káàdì Vesta àti ti Ceres tí a bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ tí n kò lè fi ẹnu kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù Haumea tí wọ́n fi sínú páálí yìí jẹ́ róbótó kíníkíní bí ti àwọn yòókù, èyí kò sì dára. Haumea ń yí lórí ara rẹ̀ kíákíá débi pé wákàtí bí i mẹ́rin péré ni ọjọ́ rẹ̀, eré yìí sì ti fà á gùn bí ẹyin. Òòfà ara rẹ̀ àti eré tí ó ń sá ni wọ́n jọ pinnu ìrísí rẹ̀, nítorí náà ìbéèrè kejì kò lé e jáde. Ọmọ tí ó bá rí bọ́ọ̀lù róbótó yẹn yóò pàdánù apá tí ó gbádùn mọ́ni jù lọ nínú ọ̀ràn Haumea. Mo ti fi àmọ̀ mọ òmíràn fún kíláàsì wa.

Ìbéèrè kẹta ni gbogbo àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn káàdì Pluto, wọ́n kọ ọ́ pé kò tíì gbá àyíká ọ̀nà rẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi àwòrán kékeré kan hàn bí ọ̀nà Pluto ti gba ojú ọ̀nà Neptune kọjá. Lóòótọ́ ni pé láti ọdún 1979 sí 1999, Pluto sún mọ́ oòrùn ju Neptune lọ. Àwọn méjèèjì kò lè kọlu ara wọn, nítorí pé ọ̀nà Pluto dàgẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 17, àti pé òòfà Neptune ti so ìrìn rẹ̀ mọ́ tirẹ̀: bí Neptune bá yí oòrùn ká nígbà mẹ́ta, Pluto yóò yí i ká nígbà méjì géérégé. Káàdì náà kò sọ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó sọ ọ́, nítorí pé ó fi hàn ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá lójú ọ̀nà náà. Neptune ni ó ń darí Pluto; Pluto kò darí Neptune.

Nígbà tí a dé ibi káàdì Jupiter, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé Jupiter náà ti gbá ọ̀nà tirẹ̀ mọ́ ni? Mo gbọ́ pé àwọn àpáta kan ń bá a rìn." Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn àpáta tí a mọ̀ sí Trojan, tí wọ́n lé ní 10,000 nínú àwọn tí a ti rí, pín sí agbo méjì, ọ̀kan ń lọ níwájú Jupiter, èkejì ń tẹ̀ lé e. Àwọn àpáta mìíràn náà máa ń gba ojú ọ̀nà ayé wa kọjá. Káàdì náà kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí rárá. Gbígbá mọ́ tí òfin ń sọ kò túmọ̀ sí pé kí ohunkóhun má ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kí agbára ohun kan borí gbogbo ìyókù, débi pé èyí tí ó kù yóò máa rìn bí ó ti ń darí wọn, tàbí kí ó wá kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òòfà Jupiter ni ó di àwọn Trojan mú síbi tí wọ́n wà.

Onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Steven Soter ṣe ìṣirò ọ̀ràn yìí ní ọdún 2006, ìṣirò náà sì ni mo ń fi kún káàdì wọn báyìí. Ó gbé ìwúwo ohun kọ̀ọ̀kan lé orí ìwọ̀n pẹ̀lú ìwúwo gbogbo ohun yòókù tí wọ́n jọ ń lo ojú ọ̀nà kan náà. Mo fi mudu tí gbogbo ọmọ Àbújá mọ̀ láti ọjà ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: bí a bá kó gbogbo ohun yòókù lójú ọ̀nà ayé jọ tí wọ́n sì kún mudu kan, ayé fúnra rẹ̀ yóò kún mudu 1,700,000. Mars ni ó kéré jù láàárín àwọn mẹ́jọ ní ti ìṣirò yìí, síbẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ 5,100. Ceres kò kún ju ìdá mẹ́ta mudu kan lọ, Eris jẹ́ ìdá mẹ́wàá, Pluto kò sì tó ìdá mẹ́wàá, nítorí pé 0.07 ni tirẹ̀. Láàárín 5,100 àti ìdá mẹ́ta, kò sí ohunkóhun. Àlàfo yìí gan-an ni ó mú mi gbà pé ìyàtọ̀ tí òfin náà ń ṣe wà lójú ọ̀run ní tòótọ́, pé kì í ṣe ìdìbò lásán ni ó dá a sílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe páálí yìí bá fi ìlà kan péré tí ó ní iye yìí sẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò fúnra rẹ̀ rí ibi tí ààlà wà.

Ó tún yẹ kí wọ́n sọ fún ọmọ pé àwọn kan kò gbà. Alan Stern, tí ó ṣáájú iṣẹ́ ọkọ̀ New Horizons tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pluto ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2015, ti ń tako ìbéèrè kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà pé ohun tí nǹkan jẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe ibi tí ó wà. Àwòrán tí ọkọ̀ rẹ̀ yà ni ó wà níwájú káàdì Pluto, pẹ̀lú pẹ̀tẹ́lẹ̀ funfun gbalasa tí ó dà bí ọkàn, ẹni tí ó bá sì wo òkè yìnyín tí ó wà níbẹ̀ yóò mọ ìdí tí ọkùnrin náà fi ń jà fún un. Èmi fara mọ́ òfin ti Prague. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé àwọn ọlọ́pọlọ pípé ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, pàápàá nítorí pé òfin náà kò kan àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí àwọn ìràwọ̀ mìíràn ká.

Káàdì tí ó dára jù lọ nínú gbogbo wọn ni ti Ceres. Wọ́n ya apá kan lẹ́yìn rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtàn, wọ́n sì sọ ọ́ bí ó ti rí: Giuseppe Piazzi rí i ní Palermo ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1801, wọ́n sì kà á mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Pallas tẹ̀ lé e ní 1802, Juno ní 1804, Vesta ní 1807, gbogbo wọn ni a sì pè ní pílánẹ́ẹ̀tì. Láti 1845 síwájú, òmíràn kò yé jáde mọ́, títí ó fi hàn gbangba pé agbo ńlá kan ni gbogbo wọn láàárín Mars àti Jupiter, wọ́n sì yọ Ceres kúrò. Ọmọ tí ó bá ka èyí kò ní bínú nítorí Pluto mọ́. Clyde Tombaugh rí Pluto ní Arizona ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1930. Fún ìgbà pípẹ́ ó dà bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà lọ́hùn-ún. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn tí wọ́n jọ wà lágbo. Ní 2005, Mike Brown pẹ̀lú Chad Trujillo àti David Rabinowitz kéde Eris. Eris kéré sí Pluto díẹ̀ ní ìbú, nítorí pé nǹkan bí 2,326 kìlómítà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin wúwo jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ kò lè pe Pluto ní pílánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì fi Eris sílẹ̀. Ohun tí ó fa ìpàdé Prague nìyí, ó sì dùn mí pé káàdì Eris kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀. Orúkọ àti ìjìnnà rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní ti àwọn bọ́ọ̀lù, yàtọ̀ sí àṣìṣe ti Haumea, iṣẹ́ wọn dára. Sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 10,000 kìlómítà, mo sì fi rúlà wọ̀n wọ́n: Jupiter jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14, ayé lé díẹ̀ ní ẹyọ kan, Mercury jẹ́ ìdajì. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé díẹ̀ ní mìlímítà méjì ni Pluto àti Eris, àwọ̀ nìkan ni a fi ń dá wọn mọ̀. Ceres kò tó mìlímítà kan, inú rọ́bà tí ó mọ́ gaara ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ó má baà sọnù. Òrùka Saturn kò lágbára, ti wa sì ti dá. Wọn kò fi oòrùn sí i, nítorí pé yóò ga ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ìwé kékeré tí ó bá wọn wá sọ pé bí a bá fi ìwọ̀n yìí kan náà wọn ìjìnnà, ayé yóò wà ní mítà 150 sí oòrùn, Neptune yóò sì wà ní kìlómítà mẹ́rin àbọ̀. Mo ṣe ìṣirò náà fúnra mi, ó sì tọ̀nà.

Bébà àtẹ náà nípọn, wọ́n sì fi rọ́bà bò ó, èyí tí ó ṣe pàtàkì níhìn-ín, nítorí pé eruku ọyẹ́ kì í dá ohunkóhun sí ní Àbújá. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún, yíǹkì rẹ̀ kò sì tíì ṣí. Ẹni tí ó tà á fún mi jẹ́ kí n tú gbogbo rẹ̀ wò kí n tó sanwó. Nǹkan tí mo ní láti sọ fún àwọn tí ó ṣe é ni pé kí wọ́n pa gbólóhùn inú ìlà pupa yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ dípò rẹ̀ pé òòfà ara àwọn márùn-ún yìí ti fún wọn mọ́ra, wọ́n sì ń yí oòrùn ká, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàárín agbo tí wọn kò borí. Kò sí ìdí tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fi yẹ kí ó wà lára ògiri kíláàsì ní ìlú tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí ojú ọ̀run fi ṣe ibùjókòó, ní Lugbe níbẹ̀.

Mo gba àwọn olùkọ́ nímọ̀ràn láti rà á, àti òbí tí ó bá lè jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí káàdì. Ẹni tí ó bá fẹ́ àtẹ nìkan, kí ó wá òmíràn. Èmi ti gé bébà funfun lẹ̀ mọ́ orí gbólóhùn náà, mo sì fi ọwọ́ kọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i ní èdè Yorùbá. Kí ẹ ka káàdì yín kí ẹ tó kúrò nínú ilé ìtàwé náà, nítorí pé káàdì Charon kò sí nínú páálí kan tí òbí kan gbé wá fún wa, wọ́n sì bá a pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata nígbà tí ó padà lọ pẹ̀lú rìsíìtì.